Ta Ni Ó Ka Lẹ́tà Wa, Ta Ni Kò Kà Á?

Olùkọ́ kan tí ó ti lo ọdún púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀wé sí wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òun ti fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan lórí owó oṣù tí wọ́n jẹ òun, pé lẹ́tà náà kò padà sọ́wọ́ òun, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fèsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní àdúgbò rẹ̀ wá sọ fún un pé bí ó bá lè mú owó díẹ̀ wá, òun yóò fi ohun kan pamọ́ sínú lẹ́tà kẹrin tí yóò máa ṣe amí fún un, tí yóò sì wá jábọ̀ wákàtí tí wọ́n ṣí lẹ́tà náà àti ìlú tí wọ́n ti ṣí i. Olùkọ́ náà bi wá ní ohun méjì: ṣé òótọ́ ni pé irú ohun bẹ́ẹ̀ wà? Bí ó bá sì wà, ṣé ó tọ́ kí òun lò ó?

A kò fẹ́ dá a lóhùn ní ìkọ̀kọ̀, nítorí ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ tí ó fi orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ránṣẹ́ sí olú-ilé ẹgbẹ́, tí kò sì gbúròó nǹkan kan mọ́, ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí. Òbí tí ó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga nítorí èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ ń bi ara rẹ̀ pẹ̀lú. Níbi gbogbo tí a ti fi ímeèlì rọ́pò ìwé tí a ń fọwọ́ mú lọ, àwọn ènìyàn wa ń jókòó ti ìdákẹ́rọ́rọ́, wọn kò mọ̀ bóyá ìkọ̀sílẹ̀ ni, bóyá ìgbàgbé ni, tàbí bóyá lẹ́tà kò tilẹ̀ dé.

Láyé àwọn baba wa, ènìyàn ni a ń rán sí ènìyàn. Bí ìránṣẹ́ bá ti padà dé, kí ó tó jókòó ni a ó ti máa bi í pé, “Ǹjẹ́ o bá a nílé? Ojú wo ni ó fi gbà á?” Àrokò pàápàá, tí a kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí lára, ẹni tí ó gbé e lọ rí ojú ẹni tí ó gbà á. Nígbà tí pósọ́fíìsì dé, a ní lẹ́tà rẹ́jísítà, tí ẹni tí a kọ ọ́ sí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó gbé e lé e lọ́wọ́. Olùkọ́ tí ó bá sì mọ ìṣe ọ́fíìsì ìjọba kì í mú ẹ̀dà ìwé kan ṣoṣo lọ síbẹ̀. Méjì ni í mú lọ. Wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ èkejì, wọ́n á kọ déètì sí i, òun náà á sì lọ tọ́jú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí bí ẹni tọ́jú ìwé ilẹ̀. Òǹtẹ̀ yẹn kò sọ pé ọ̀gá ti ka ìwé náà. Ohun tí ó sọ ni pé kò sí ẹni tí yóò jáde lọ́la láti wí pé ìwé náà kò dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Ímeèlì kò ní òǹtẹ̀. Ní ọdún 1971 ni Ray Tomlinson, ará Amẹ́ríkà, fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn tí a so pọ̀ mọ́ ọn. Ní 1982 ni a gbé ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ ara wọn kalẹ̀, ìlànà ọ̀hún, pẹ̀lú àtúnṣe tí a ti ṣe sí i, ni a sì ń lò títí di òní. Nínú ìlànà yìí, iṣẹ́ ẹni tí ó ru lẹ́tà parí nígbà tí ó bá ti jù ú sínú àpótí ẹni tí a kọ ọ́ sí. Bí a bá ṣi àdírẹ́sì kọ, lẹ́tà náà sábà máa ń padà pẹ̀lú àlàyé. Bí kò bá padà, ohun tí a mọ̀ kò ju pé ó ṣeé ṣe kí àpótí kan ti gbà á. Ó lè ti bọ́ sínú àpò tí kọ̀ǹpútà ń kó àwọn lẹ́tà tí ó bá fura sí pamọ́ sí. Ó lè wà lábẹ́ ẹgbẹ̀rún lẹ́tà mìíràn. Akọ̀wé tí ó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé àpótí náà sì lè ti fẹ̀yìn tì láti ọdún tí ó kọjá, kí ó má sì sí ẹni tí ó tún ṣí i láti ìgbà náà.

Àwọn tí ó ń ṣe ìlànà ímeèlì kò ṣàìmọ̀ pé ojú ẹni tí ó kọ lẹ́tà yóò máa wà lọ́nà. Ní 1998, wọ́n gbé ọ̀nà kan kalẹ̀, wọ́n tún un ṣe ní 2004 àti ní 2017, nípa èyí tí ẹni tí ó kọ lẹ́tà lè fi bẹ ẹni tí yóò gbà á pé bí ó bá ti ṣí i, kí ó jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun mọ̀. Àwọn tí ó ń lo Outlook ní ọ́fíìsì mọ̀ ọ́n dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó gba lẹ́tà yóò rí ẹ̀bẹ̀ náà níwájú rẹ̀ gbangba: ṣé kí a rán èsì lọ, àbí kí a má rán an? Ọwọ́ rẹ̀ ni àṣẹ wà. Ó lè gbà, ó lè kọ̀. Bí ẹ̀rọ tí ó ń lò kò bá sì ka irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí, kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni bẹ òun. Ti Gmail tilẹ̀ ní ààlà tirẹ̀: àwọn tí ó ní àdírẹ́sì ọ̀fẹ́ kò lè béèrè rárá, àfi àwọn tí ibi iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ fún ní àdírẹ́sì, tí alábòójútó wọn sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìwé ìlànà náà tí ó dùn mọ́ wa nínú. Ó sọ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé bí èsì bá tilẹ̀ dé pé a ti fi lẹ́tà han ẹnì kan tí ó ṣí àpótí náà, èyí kò fi dáni lójú pé a kà á, ká má tíì sọ pé ó yé ẹni tí ó kà á. Olùkọ́ tí ó ti dúró níwájú kíláàsì rí kò ní fi èyí ṣe àríyànjiyàn. Ọmọ tí ó ṣí ìwé sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀ pọ̀ ju ọmọ tí ó ń kàwé lọ.

Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò náà ń tà yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Òótọ́ ni pé ó wà. Àwòrán kan ni, tí ìbú rẹ̀ kò ju ẹyọ àmì kan lọ lójú kọ̀ǹpútà, tí òró rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, tí kò sì ní àwọ̀ tí ojú lè rí. Àwòrán náà kò sí nínú lẹ́tà gan-an. Inú kọ̀ǹpútà àwọn tí ó ń ṣọ́ni ni ó wà, olúkúlùkù ẹni tí a kọ̀wé sí ni a sì fún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú orúkọ tí kò bá ti ẹlòmíràn dọ́gba. Bí a bá ti ṣí lẹ́tà náà, ẹ̀rọ wa á sáré lọ mú àwòrán yìí wá láti fi í hàn wá, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń mú gbogbo àwòrán wá. Níbi tí ó ti lọ mú un ni wọ́n jókòó sí pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀: lágbájá ti ṣí i, ní aago báyìí, pẹ̀lú irú ẹ̀rọ báyìí, láti agbègbè báyìí, bí ó bá sì padà wá ṣí i lóru, wọ́n á kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹni tí a ń ṣọ́ kò gbọ́ ìró kankan. Kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́, kò sì sí ibi tí ó ti lè kọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Ní ọdún 2006, ọ̀rọ̀ àṣírí ìgbìmọ̀ tí ó ń darí ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard ní Amẹ́ríkà ń hàn sínú ìròyìn. Àwọn tí a gbà láti wádìí ẹni tí ó ń sọ ọ́ síta dá ènìyàn kan sílẹ̀ tí kò sí láyé, wọ́n ní òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà tí inú ń bí ni. Orúkọ èké yìí ni wọ́n fi kọ ímeèlì sí oníròyìn obìnrin kan ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn CNET, wọ́n sì há amí mọ́ ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀, ní ìrètí pé yóò fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń tú àṣírí fún un, kí àwọn sì rí ibi tí ó gbà. Wọ́n tún fi ẹ̀tàn gba àkọsílẹ̀ tẹlifóònù àwọn oníròyìn àti ti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ pàápàá. Nígbà tí àṣírí tú, Patricia Dunn tí í ṣe alága fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà sì pè wọ́n wá wí tẹnu wọn. Ní 2019, ó tún kan Superhuman, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ẹ̀rọ ímeèlì olówó gọbọi. Gbogbo lẹ́tà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá kọ ni amí ń bá lọ, àyàfi bí oníbàárà bá fúnra rẹ̀ pa á. Ó sì ń sọ agbègbè tí ẹni tí ó ṣí lẹ́tà wà. Ariwo sọ, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, ó sì ní àwọn kò ní sọ ibi tí ènìyàn wà mọ́. Ẹ ro ti obìnrin tí ó sá kúrò nílé ọkọ tí ń lù ú, tí ó ṣí ímeèlì kan ní ìlú tí ó sá lọ. A kò nílò àlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Amí yìí kò tilẹ̀ ṣeé gbára lé mọ́. Láti oṣù kejìlá ọdún 2013 ni Google ti ń fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lọ mú àwòrán wá fún àwọn tí ó ń lo Gmail, nítorí náà amí kò rí agbègbè tí wọ́n wà mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì lè mọ̀ pé a ti ṣí lẹ́tà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Apple ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: fún ẹni tí ó bá gba ààbò rẹ̀, ẹ̀rọ Apple fúnra rẹ̀ ni yóò lọ kó gbogbo àwòrán inú lẹ́tà wá, ẹni náà ìbáà ṣí lẹ́tà, ìbáà má ṣí i. Amí yóò wá padà wá fi ayọ̀ jábọ̀ pé wọ́n ti kà á, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀gá ṣì ń sùn. Ní ọ̀nà kejì, ẹni tí ó bá ti sọ fún ẹ̀rọ rẹ̀ pé kí ó má ṣe gbé àwòrán wá lè ka lẹ́tà náà ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí amí má sì rí nǹkan kan. Olùkọ́ wa ìbá san owó rẹ̀, ìbá gbọ́ pé wọ́n ti ṣí lẹ́tà òun ní aago méje àárọ̀, ìbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí akọ̀wé tí kò rí lẹ́tà náà rí.

Bí ohun yìí bá ti ń tàsé tó báyìí, ta ni ó ṣì ń lò ó? Àwọn tí ó ń kọ̀wé sí ogunlọ́gọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, tí wọ́n sì ń fi ìṣirò wo èrò wọn. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Princeton tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn lẹ́tà tí àwọn oníṣòwò ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n rí i pé nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ń gbé àdírẹ́sì ẹni tí ó ṣí lẹ́tà náà lé ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ HEY sọ fún BBC pé nínú lẹ́tà mẹ́ta tí ó ń wọ àpótí àwọn oníbàárà òun, méjì ni ó ní amí nínú. HEY ń ta ààbò, nítorí náà ó lérè nínú kí ẹ̀rù bà wá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń gba lẹ́tà àwọn ilé ìtajà tí ẹnu yóò yà. Àwọn tí ń díje fún ipò ní Amẹ́ríkà náà kò gbẹ́yìn: wọ́n ń mọ ẹni tí ó ṣí lẹ́tà ìtọrọ owó wọn, kí wọ́n lè tún tọ̀ ọ́ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká wa lára gan-an nìyí. Alágbára mọ wákàtí tí mẹ̀kúnnù ṣí lẹ́tà rẹ̀. Mẹ̀kúnnù kò mọ̀ bóyá alágbára gba tirẹ̀. Ilé ìtajà tí a ra bàtà kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ pé a jí ní òru, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ sin ìjọba kò lè mọ̀ bóyá ìwé owó oṣù rẹ̀ wà lórí tábìlì tàbí nínú ààtàn. Bí olùkọ́ bá ra amí, kò tún ìwọ̀n yìí ṣe. Ó kàn bá wọn dá sí ìwà kan náà ni, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí kò mú bíi tiwọn.

Àwọn kan yóò sọ pé WhatsApp ti sọ gbogbo èyí di àṣà. Lóòótọ́, láti oṣù kọkànlá ọdún 2014 ni àmì aláwọ̀ búlúù ti ń fi hàn pé ẹni tí a kọ̀wé sí ti rí ọ̀rọ̀ wa, a sì ti rí ilé tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ túká nítorí àmì méjì péré. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé àmì náà ń bẹ. Ẹni tí kò fẹ́ ẹ lè pa á. Bí ó bá pa tirẹ̀, kò ní rí ti ẹlòmíràn mọ́, àfi nínú ìjíròrò ẹgbẹ́. Ojú là ń rí níbẹ̀: fún mi kí n fún ọ ni. Èyí jìnnà sí amí tí a fi pamọ́.

Òfin wa pàápàá kò dákẹ́ lórí èyí. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 37, dáàbò bo ìwé tí ará ìlú ń kọ àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí tẹlifóònù. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sì là á kalẹ̀ pé níbi tí a bá ti nílò ìyọ̀ǹda ènìyàn kí a tó lo ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀, dídákẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹni tí kò mọ̀ pé amí wà nínú lẹ́tà kò sí lára àwọn tí a lè sọ pé ó gbà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí orí àga ìjọba yàtọ̀. Bí èmi àti ìwọ bá gba lẹ́tà nílé, a ní ẹ̀tọ́ láti kà á tàbí kí a fi í dáná. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí a fi owó orí san owó oṣù rẹ̀ kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lórí lẹ́tà tí a kọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Òfin òmìnira láti rí ìwé ìjọba, ti ọdún 2011, fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dá ẹni tí ó béèrè àkọsílẹ̀ lóhùn. Ó lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí ìdí bá wà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ fún oníbéèrè. Bí ó bá dákẹ́, òfin ka ìdákẹ́ náà sí kíkọ̀, oníbéèrè sì ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Owó ìtanràn kíkọ̀ láìtọ́ jẹ́ ₦500,000. Ọdún púpọ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ kan fi jiyàn pé òfin yìí kò kan àwọn, títí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi parí àríyànjiyàn náà ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kan gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá ní òfin yìí lọ́wọ́ kò nílò láti mọ̀ bóyá ọ̀gá ka lẹ́tà. Ohun tí ó nílò ni ẹ̀rí pé lẹ́tà dé, àti ọjọ́ tí ó dé.

Nítorí náà ni a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ́fíìsì tí ó ní kí a máa fi ímeèlì kọ̀wé sí àwọn pé kí wọ́n fún ímeèlì ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè fèsì fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: a ti gba ìwé yín, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí, déètì rẹ̀ nìyí. Kò nílò owó ńlá, kò sì nílò kí a gba òṣìṣẹ́ kún un. Ọ́fíìsì tí kò bá fẹ́ ṣe é, ẹ̀rù òǹtẹ̀ ló ń bà á.

A sì ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, tiwa àti ti àwọn tí ń bá wa du ipò. Bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má ṣe fi amí sínú rẹ̀. Àwọn kan ní olú-ilé ẹgbẹ́ yóò sọ pé bí a kò bá ka iye ẹni tí ó ṣí lẹ́tà, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa ń wọ àwọn ènìyàn létí? Ìbéèrè náà kò burú. Kí wọ́n lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù kí wọ́n sì fi etí ara wọn gbọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá mọ̀ pé a ń ka iye ìgbà tí òun ṣí lẹ́tà alága yóò kọ́ bí a ti ń ṣí i láìkà á, yóò sì máa pàtẹ́wọ́ bákan náà.

Ní ti olùkọ́ wa, kí ó gbé owó rẹ̀ sápò. Kí ó tẹ lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí pépà pẹ̀lú déètì tí ó wà lára wọn, kí ó sì kọ ìwé tuntun lórí wọn, kí ó dárúkọ òfin ọdún 2011 níbẹ̀, kí ó béèrè fún àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí a gba lẹ́tà òun, nọ́ńbà fáìlì tí ó wà nínú rẹ̀, àti iye tí ìwé ọ́fíìsì náà sọ pé a jẹ òun. Òfin kò ní kí ó sọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Kí ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ nípa ímeèlì, kí ó béèrè èsì gbangba lórí rẹ̀ bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá lè ṣe é. Kí ó sì mú ẹ̀dà méjì lọ ní ọjọ́ Ajé, kí ó dúró níbẹ̀ gba òǹtẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó bá wà lórí òǹtẹ̀ náà ni kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ méje.